Kámẹ́rà Speed Graphic aláwọ̀ ewé: ṣé ọ̀dà ológun ni àbí ẹnì kan ló tún un kùn?

Ẹ má tíì gba àwọ̀ náà gbọ́. Ẹ kọ́kọ́ wá àwo irin pẹlẹbẹ tó máa ń wà lára àwọn tí ilé-iṣẹ́ Graflex ní Rochester ṣe fún Signal Corps, ẹ̀ka ìbánisọ̀rọ̀ ọmọ ogun Amẹ́ríkà. PH-47, orúkọ tí ológun fún kámẹ́rà náà, ló sábà máa ń wà lórí rẹ̀. Bí àwo náà bá ti ṣí kúrò, ihò rẹ̀ lè ṣì wà níbẹ̀.

Síkúrù ló máa ń tú àṣírí. Bí ọ̀dà bá dí ojú síkúrù, tó sì ta sí etí awọ tó bo àpótí, lẹ́yìn tí wọ́n ti to kámẹ́rà náà tán ni wọ́n kùn ún. Ẹ tú èyí tó fara sin jù. Bí irin dídán bá wà lábẹ́ ọ̀dà, iṣẹ́ ẹlòmíràn nìyẹn, ìbáà jẹ́ oníṣòwò tàbí ológun fúnra rẹ̀.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà ni pé ọ̀pọ̀ PH-47 kì í ṣe aláwọ̀ ewé rárá. Awọ dúdú ni, irin rẹ̀ náà dúdú, torí wọ́n ń ṣọ́ kúrómíọ̀mù, irin tí wọ́n fi ń bo nǹkan kó lè máa dán, lò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Combat Graphic, kámẹ́rà Graflex mìíràn tí wọ́n ṣe fún ológun, ni ẹ máa rí tí wọ́n kun igi rẹ̀ ní àwọ̀ ewé ológun láìfi awọ bò ó. Nítorí náà, bí tiyín bá ní awọ tí wọ́n fi ọ̀dà ewé kùn, mi ò ní fi kọ́bọ̀ kan lé owó rẹ̀ nítorí àwọ̀.

Ẹ má fi asẹtóònù, oje tó ń yọ ọ̀dà, nù ún o.