Ọmọ ọ̀dọ̀ ilé ìyá wa

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. A lọ ìsinmi sí Ìbàdàn, nílé ìyá ọkọ mi. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, òun ló ń fọ abọ́ tí Mosún ọmọ mi fi ń jẹun. A padà sí Manchester, wọ́n kọ́ wọn ní ẹ̀tọ́ ọmọdé níléèwé, ló bá ní: "Mọ́mì, ọmọ yẹn ńkọ́?" Mo ní bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé nìyẹn. Kò gbà. Kí ni kí n sọ?
Ìyá Mosún

Ìyá Mosún, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ sọ fún un pé ọmọ yẹn ní ẹ̀tọ́, kì í sì í ṣe òyìnbó ló fún un. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé Nàìjíríà ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ti gbà wọlé, ní ọmọdé kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni, àfi iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ fún ẹbí rẹ̀. Amẹ́ríkà tí mo ń gbé yìí buwọ́ lu àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé ní 1995, títí dòní kò tíì fàṣẹ sí i.

Òfin wà, owó ni kò sí. Iléèwé ọ̀fẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́ délẹ̀: yunifọ́ọ̀mù ńkọ́, ìwé ńkọ́? Òbí tí kò rí i san a fa ọmọ lé olówó lọ́wọ́, pé bóyá yóò rán an níléèwé. Àwọn kan ń rán an. Àwọn mìíràn ò rán an débì kan ju ọjà lọ.

Tiwa ṣẹlẹ̀ ní Òṣogbo. Ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, ń pín bisikíìtì. Ọmọ ọ̀dọ̀ ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì. Nígbà tó kàn án, ó kúnlẹ̀ kó tó gbà á. Ọmọ mi bi ìyá mi pé kí ni orúkọ bàbá rẹ̀. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Ọdún méjì ló ti wà lọ́dọ̀ wọn! Ojú tì mí.

A dé Houston, mo pè wọ́n. Mi ò dárúkọ òfin (ta ló ń fi òfin halẹ̀ mọ́ ìyá rẹ̀?). Mo ní màá fi kún owó tí mo ń fi ránṣẹ́, kí ọmọ náà wọ iléèwé, kí wọ́n wá àgbàlagbà tí yóò máa fọṣọ. Wọ́n ní ṣé àwọn ò fọ abọ́ ní kékeré ni? Mo ní wọ́n fọ̀ ọ́, nílé bàbá wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọn ò fi gbé fóònù mi. Nígbà tó yá, wọ́n ra yunifọ́ọ̀mù.

Ẹ má kàn ní kí wọ́n dá ọmọ padà sílé o. Ebi tó lé e wá lè ṣì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín pe ìyá wọn, kí wọ́n bèèrè orúkọ ọmọ náà àti kíláàsì tó wà. Èsì tí wọ́n bá fún wọn ni kẹ́ ẹ sọ fún Mosún.
Bàbá Bọ́lá