Èsì: Ẹ̀dọ̀ yẹn ló pọ̀ jù fún ajá yín

Ẹ kú àníyàn. Ìgbẹ́ gbuuru tí ajá yín ń yà látìgbà tí ẹ ti ń fi ẹ̀dọ̀ màlúù rọ́pò bisikíìtì rẹ̀, ó jọ pé ẹ̀dọ̀ náà ló pọ̀ jù. Ẹ dá a dúró ná. Ẹ fún un ní ìrẹsì rírọ̀ àti ẹran adìyẹ bíbọ̀ tí kò ní awọ fún ọjọ́ méjì, láìfi iyọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọmọ ajá, tó ń bì, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ni kí ẹ gbé e lọ lónìí.

Tí inú rẹ̀ bá ti rọlẹ̀, ẹ gé ẹ̀dọ̀ bíbọ̀ wẹ́wẹ́, kó má ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ẹyọ méjì, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tó fún ajá kékeré. Fítámì A inú ẹ̀dọ̀ kì í tètè kúrò lára. Bó bá ń pọ̀ sí i fún oṣù mélòó kan, egungun ló máa bà jẹ́.

Ọjọ́ tó kù, káróòtì ni. Gbogbo ìpápánu ò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ lọ.

Àlùbọ́sà, èso àjàrà, ṣokoléètì: rárá o. Ẹ̀pà lílọ̀ inú ìgò, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò náà kí ẹ tó ṣí i. Bí ẹ bá rí xylitol, èròjà adùn tí wọ́n fi ń rọ́pò ṣúgà, níbẹ̀, májèlé ajá nìyẹn.