Bí omi ṣúgà bá di hóró nínú ìgò

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè ìdí tí omi ṣúgà tí ẹ sè fún sóbò fi di hóró nísàlẹ̀ ìgò nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹ ti fẹnu ara yín dáhùn: ẹ ní ẹ sè é títí ó fi ń fà bí ewédú. Omi rẹ̀ lẹ sè gbẹ. Ife omi kan ò lè gbé ju nǹkan bí ife ṣúgà méjì lọ bó bá ti tutù; èyí tó bá lé, ó di ìsàlẹ̀ ìgò.

Èmi tí mò ń gbé sóbò lọ òde ìnáwó, ife ṣúgà kan sí ife omi kan ni mo máa ń lò. Ẹ rò ó lórí iná títí ṣúgà á fi yọ́ tán, kó hó díẹ̀, kẹ́ ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bó bá ti ń hó, ẹ yọ ṣíbí kúrò pátápátá. Hóró tó lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò, bẹ́ ẹ bá rò ó padà sínú, òun gan-an làwọn yòókù máa so mọ́. Ẹ dé ìkòkò náà fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, ooru á fọ̀ ọ́ wálẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó ki fún kéèkì, ife ṣúgà méjì sí omi kan, kó fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ṣíbí kékeré kan ti tó. Kíkan yẹn máa ń pín díẹ̀ nínú ṣúgà náà sí irú ṣúgà kéékèèké méjì, glucose àti fructose, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí èyí tó kù ráyè so pọ̀.

Atalẹ̀ àti kànáfùrù, inú omi ṣúgà gbígbóná ni kẹ́ ẹ rẹ wọ́n sí, ẹ sẹ́ ẹ bó bá tutù.

Ẹ jẹ́ kí sóbò tutù dáadáa kẹ́ ẹ tó tọ́ adùn rẹ̀ wò, torí òtútù máa ń pa adùn. Lóde, inú jọ́ọ̀gì ọ̀tọ̀ ni mo máa ń gbé omi ṣúgà sí: alátọ̀gbẹ á mu tirẹ̀ ní kíkan, ọmọdé á bu ṣúgà bó ṣe wù ú (ìyá ẹ̀ ni kó bá a wí). Inú fíríìjì lèyí tó bá ṣẹ́ kù ń lọ, kì í sì í ju oṣù kan lọ. Bó bá ti rú, ẹ dà á nù.

Gúrúndì, ìpápánu tí wọ́n ń fi àgbọn àti ṣúgà ṣe, òun nìkan lẹ ò gbọdọ̀ fi ọsàn sí o. Ibẹ̀ la ti fẹ́ kí ṣúgà di hóró kí àgbọn lè gbẹ. Bẹ́ ẹ bá fọsàn sí i, ṣe ni yóò máa lẹ̀ mọ́ oníbàárà lọ́wọ́.