Ṣé lóòótọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni ń fi ìlú ẹni hàn?

Bẹ́ẹ̀ ni, gbólóhùn kan lè tó. Ará Ìjẹ̀ṣà tàbí Èkìtì á pe ilé ní "ulé", á pe ilẹ̀ ní "ulẹ̀". Ará Ìbàdàn á sọ "sé" níbi tí ẹlòmíràn ti ń sọ "ṣé".

Yorùbá inú ìwé, èyí tí Bíbélì Àjàyí Crowther àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ (odindi rẹ̀ jáde ní 1884) fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, orí ti Ọ̀yọ́ ló dúró lé jù. Torí náà ni wọ́n ṣe ń fi ọmọ tó bá sọ "ulé" ní kíláàsì ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn sì dùn mí gan-an. Ọ̀pọ̀ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ á fi ẹ̀ka èdè ìlú wọn pamọ́ l'Ékòó. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá pè lórí fóònù, ahọ́n á yí padà kíá.