Turnitin gbé pasẹ́ǹtì 12 jáde: ṣé ọ̀rọ̀ ìtọ́kasí ti parí nìyẹn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ fún oyè ẹ̀kọ́ kejì ni mò ń kọ lọ́wọ́. Mo fi í sínú Turnitin, ẹ̀rọ tó ń wo bí iṣẹ́ ẹni ṣe jọ ti ẹlòmíì tó, pasẹ́ǹtì 12 ló gbé jáde. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní bí kò bá ti kọjá 20, kò séwu. Ní orí kejì, mo tún ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ kọ ní èdè ara mi, nítorí náà n kò kọ orúkọ wọn sí i. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, èwo ló dára jù nínú APA àti MLA, ìlànà ìtọ́kasí méjèèjì yẹn? Ẹnìkan sì ní òun lè bá mi dín pasẹ́ǹtì náà kù sí 5.

Ìdáhùn: Rárá, ọmọ mi, kò dáa bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn pé o béèrè kí o tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ìgbà tí ìgbìmọ̀ bá ti ránṣẹ́ pè wọ́n ni wọ́n ń rántí mi. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, irú ìbéèrè yìí ti dé ọ̀dọ̀ mi lẹ́ẹ̀marùn-ún. Nọ́ńbà inú rẹ̀ nìkan ló ń yàtọ̀. Ẹnìkan ní 8. Ẹlòmíì ní 19, ó tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ta ló kọ́ yín pé ẹ̀rọ ló ń dájọ́ olè?

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Turnitin kò mọ olè. Ọ̀rọ̀ tó jọra ló mọ̀. Á gbé ohun tí o kọ, á fi wé àwọn ojú-ewé orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn jọ́nà àti iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tó wà nínú àpò rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ṣe wẹ́kú, á fi àwọ̀ kùn ún, á wá ṣírò gbogbo ibi tó kùn, ìyẹn ló ń di pasẹ́ǹtì. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ni ẹ̀rọ náà gan-an ló ń sọ ọ́ pé ìjọra ni àwọn ń wọ̀n, pé ènìyàn ló gbọ́dọ̀ ṣí ìròyìn náà kó wo ohun tí wọ́n kùn.

Ìdí nìyí tí 30 fi lè jẹ́ iṣẹ́ tó mọ́. Ẹni tó ń ṣàtúpalẹ̀ òfin á yọ ọ̀rọ̀ òfin lò léraléra, á fi àmì àyọlò há a, á kọ ibi tó ti mú un, síbẹ̀ ẹ̀rọ á kùn ún, àfi bí wọ́n bá ṣètò rẹ̀ pé kó fo àyọlò. Fi àkójọ ìwé tó wà lẹ́yìn iṣẹ́ kún un: àkọlé kan náà ni gbogbo ayé ń dà kọ, báwo ni kò ṣe ní jọra? Bẹ́ẹ̀ náà ni 3 lè jẹ́ olè pọ́ńbélé. Bí o bá rí ìwé àtijọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí o dà á kọ láti páálí dé páálí, ibo ni ẹ̀rọ yóò ti rí i? Lóòótọ́, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan máa ń fi ààlà sí i, má sì torí tèmi rú òfin tìrẹ. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni ààlà yẹn. Ẹni tó wọ ẹnu ọ̀nà kò tíì dé iwájú adájọ́.

Ibi tí àyà mi ti já gan-an ni “nítorí náà” tí o kọ yẹn. Ọ̀rọ̀ lo yí padà, èrò ńkọ́? Ìtọ́kasí kì í ṣe owó ìyálò tí à ń san lórí gbólóhùn, tó fi jẹ́ pé bí o bá ti dá gbólóhùn onígbólóhùn padà, gbèsè tán. Ó ń sọ ibi tí ìmọ̀ ti wá fún òǹkàwé, kí òun náà lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Nǹkan méjì lẹ ń dà pọ̀: àmì àyọlò wà fún ọ̀rọ̀, orúkọ àti ọdún wà fún èrò. Bí o bá tún ọ̀rọ̀ sọ, àmì àyọlò ló ń kúrò. Orúkọ dúró.

Ká ní Lágbájá kọ ọ́ lọ́dún 2015 pé: “Àwọn ọmọ tó ń sùn dáadáa a máa rántí ẹ̀kọ́ wọn ju àwọn tí kì í sùn lọ.” O wá kọ tìrẹ pé oorun tó péye a máa ran ìrántí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀rọ kò ní kùn ún. Ṣùgbọ́n ìwọ lo kó àwọn ọmọ jọ ni? Ìwọ lo wò wọ́n sùn? “Lágbájá (2015) rí i pé oorun tó péye a máa ran ìrántí lọ́wọ́” ni kí o kọ, ó parí. Àwọn kan tún wà tí wọ́n á fi “èwe” rọ́pò “ọmọ”, wọ́n á fi “dáradára” rọ́pò “dáadáa”, wọ́n á wá ní àwọn ti tún un kọ. Gbólóhùn Lágbájá nìyẹn, aṣọ lẹ pààrọ̀ fún un, orúkọ rẹ̀ tí ẹ kọ sí i kò sì tíì gbà yín. Pa ìwé dé, kí o kọ ohun tó yé ọ. Bí kò bá yé ọ, gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà, fi àmì há a, kí o sì kọ nọ́ńbà ojú-ewé.

Bí o bá rò pé àsọdùn ni mò ń ṣe, rántí Annette Schavan, tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Jámánì. Ọdún 1980 ló gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ní oṣù kejì ọdún 2013, yunifásítì Düsseldorf gba oyè náà padà nítorí àwọn ibi tó ti lo ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíì láì tọ́ka sí wọn bó ṣe yẹ. Ó ní òun kò gbèrò láti tan ẹnikẹ́ni jẹ, ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ dá yunifásítì láre lọ́dún 2014. Ipò mínísítà ti bọ́ kí ọjọ́ tó lọ títí. Nígbà tó ń kọ iṣẹ́ yẹn, kò sí Turnitin láyé. Bó bá tilẹ̀ wà, tó fún un ní 12, kí ni 12 yẹn ì bá ṣe fún un lẹ́yìn ọdún 33?

Ohun tí tajá tẹran mọ̀ kò nílò orúkọ: pé ayé ń yí oòrùn ká, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ níbi tí o ti rí i. Bí o bá ń ṣiyèméjì, tọ́ka sí i.

Ẹni tó fẹ́ bá ọ dín in kù sí 5, sá fún un. Mo ti rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Wọ́n á ti iṣẹ́ rẹ sínú ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rọ̀ rọ́pò ọ̀rọ̀ títí gbólóhùn yóò fi di wẹ́rẹwẹ̀rẹ, tàbí kí wọ́n fi lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì mìíràn tó jọ tiwa sáàárín ọ̀rọ̀. Turnitin ti mọ ọgbọ́n lẹ́tà yẹn, ó ń fi han olùkọ́. Owó rẹ lo fi ra ẹ̀rí tí wọ́n máa fi dè ọ́. Má sì ní kí ChatGPT, ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè tó sì ń kọ̀wé fúnni, bá ọ wá ìwé tí wàá tọ́ka sí, kí o wá kọ ọ́ sílẹ̀ láì ṣí i wò. Lọ́dún 2023, adájọ́ kan ní New York ní kí àwọn lọ́yà kan san 5,000 dọ́là, torí pé ẹjọ́ tí wọ́n tọ́ka sí kò ṣẹlẹ̀ rí; ẹ̀rọ ló hun ún.

Bó bá jẹ́ inú ìwé Tàmẹ̀dò lo ti ka ọ̀rọ̀ Lágbájá, sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: “Lágbájá, gẹ́gẹ́ bí Tàmẹ̀dò (2018) ṣe tọ́ka sí i.” Ní ìlànà APA, Tàmẹ̀dò nìkan ló ń wọ àkójọ ìwé, torí òun lo kà.

APA àbí MLA? Kò sí èyí tó dára jù, lọ bi ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ. APA ń fi orúkọ àti ọdún tọ́ka, àtẹ̀jáde keje tó jáde lọ́dún 2019 ni kí o lò. MLA ń fi orúkọ àti ojú-ewé tọ́ka. Èyí tí o bá mú, má da òmíràn mọ́ ọn.

N kò rí iṣẹ́ rẹ o, n kò sì lè gbẹnu sọ fún ìgbìmọ̀ yín. Ọ̀rọ̀ alábòójútó rẹ ló lékè tèmi. Ṣùgbọ́n ṣí orí kejì yẹn lálẹ́ òní. Ní ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, bi ara rẹ pé: níbo ni mo ti mọ èyí? Kọ orúkọ ẹni náà sí i. Èyí tí o kò bá rántí, wá a. Bí o kò bá rí i, yọ ọ́ kúrò. Àkójọ ìwé rẹ máa gùn sí i, pasẹ́ǹtì yẹn sì lè gòkè di 15. Jẹ́ kó gòkè.