Ó lé ní wákàtí kan tí ọmọ mi fi jókòó lásán nídìí eré

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Leeds ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ṣùgbọ́n ọdọọdún ni a máa ń kó àwọn ọmọ lọ lo ìsinmi oṣù Kẹjọ lọ́dọ̀ ìyá mi ní Gwarinpa, ní Abuja. Ní ọdún yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 19, kó àwọn ọmọ ilé jọ sídìí tábìlì ìjẹun, ó sì ń darí Dungeons & Dragons fún wọn, eré ìtàn tí olúkúlùkù ti ń ṣe ẹ̀dá kan, tí dáìsì sì ń pinnu ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, ni jagunjagun wọn. Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ ni oṣó kan fi ọfọ̀ tí wọ́n ń pè ní Hold Person dè é: kò lè rìn, kò lè sọ̀rọ̀, kò lè gbé idà sókè, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí ìjà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ó lé ní wákàtí kan. Nígbà tí ó yá, ó tọ ìyá mi lọ ní kíṣìnì, ó ń sunkún. Dáìsì náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti dì í mú débi pé ojú rẹ̀ fàlà sí i ní àtẹ́lẹwọ́. Ọkọ mi ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, pé ọmọ gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń pàdánù. Ẹ̀gbọ́n mi ní ohun tí ìwé òfin sọ ni ọmọ òun ṣe. Ṣé kò sí ìrẹ́jẹ nínú rẹ̀ lóòótọ́?

Ìdáhùn

Màmá, mo kí yín, ẹ bá mi kí Màmá àgbà ní Gwarinpa. Kubwa ni mo ti dàgbà kí n tó wá sí Calgary, èmi náà sì máa ń darí eré yìí fún àwọn ìbejì mi. Ẹ̀gbọ́n yín kò parọ́. Nínú ìwé òfin ti ọdún 2014, ẹni tí wọ́n bá fi Hold Person bá jà yóò ju dáìsì olójú 20. Bí dáìsì bá kọ̀, wọ́n dè é, ó sì lè tó ìṣẹ́jú 1 kí ó tó tú, ṣùgbọ́n ní ìparí gbogbo ìgbà tí ó bá kàn án, yóò tún un jù. Ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ yín bóyá ó rí i jù. Bí wọ́n bá kàn ń fò ó kọjá, òfin gan-an ni wọ́n ṣì lò.

Ṣùgbọ́n ká ní ó ń jù ú. Agbára ọkàn ni wọ́n fi ń kojú ọfọ̀ yìí, kì í ṣe agbára apá, ibẹ̀ sì ni jagunjagun ti sábà máa ń kù díẹ̀ káàtó. Bí iye tí ó gbọ́dọ̀ pé bá jẹ́ 13, tí ọmọ sì ní 1 péré láti fi kún un, ojú 9 nínú 20 ni ó lè tú u, 11 ni yóò fi í sílẹ̀ nínú ìdè. Nínú ìtàn, ìṣẹ́jú àáyá 6 ni ìyípo kan, ìyẹn kí ó kan gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí tábìlì, bí ọmọ 5 bá ń lo ìṣẹ́jú mẹ́rin-mẹ́rin, tí adarí sì lo ìṣẹ́jú 5 fún àwọn ọ̀tá, ìṣẹ́jú 25 ti lọ. Bí dáìsì bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìṣẹ́jú àáyá 18 ni jagunjagun fi dúró. Ọmọ yín ti jókòó fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15. Ẹ̀dá inú ìtàn ni wọ́n fẹ́ fìyà jẹ, ọmọ ni ó ń jẹ ẹ́.

Ẹ rántí Whot. Ta ni wọn kò tíì ja 8 lé lórí rí nínú wa? Ó máa ń dunni, ṣùgbọ́n kí a tó bínú tán, ó ti tún kàn wá, 8 tiwa sì lè ti wà lọ́wọ́ tí a fi ń dúró de ẹni náà. Nínú eré yìí pẹ̀lú, ẹni tí ó ń kú lọ máa ń ju dáìsì ní gbogbo ìgbà tí ó bá kàn án, gbogbo ojú á sì wà lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ fi máa ń fara da ikú ju ìdè lọ.

Èmi náà ti jẹ̀bi rẹ̀ rí. Mo kó ghoul mẹ́ta, òkú tí ń rìn kiri, pàdé wọn nínú ibojì kan. Èékánná ghoul máa ń mú kí ara ènìyàn le gbagidi, ṣùgbọ́n kì í ran elf, ẹ̀dá inú ìtàn tí ó jọ ènìyàn tí etí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Elf ni Táíwò yàn, ènìyàn lásán ni Kẹ́hìndé (òun tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó). Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, Kẹ́hìndé ti fi dáìsì rẹ̀ to ilé kékeré kan, ó sì ti da ojú ìwé tí ó ya idà rẹ̀ sí délẹ̀. Kò sunkún. Ìyẹn ni ó dùn mí jù.

Láti ìgbà náà, ọmọ tí wọ́n bá dè ni mo máa ń gbé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀tá fún kí ó máa darí, tàbí kí n fún un ní yíyàn: kí ó dúró nínú ìdè, tàbí kí ó já a tipátipá, kí ó sì farapa. Mo sì máa ń sọ fún àwọn yòókù pé oṣó gbọ́dọ̀ máa fi ọkàn di Hold Person mú. Bí wọ́n bá lù ú, òun náà yóò ju dáìsì, ọfọ̀ sì lè já lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé ẹnikẹ́ni sọ èyí fún àwọn ọmọ ilé yín? Nítorí bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, ìjà náà yóò di ìgbà tí gbogbo wọn fẹ́ gba ọmọ yín sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò ní kúrò lẹ́nu wọn.

Ẹ sọ fún ọkọ yín pé ẹni tí ó pàdánù ti jà ná. Ẹ má sì gba ọwọ́ ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ pe ọmọ náà fúnra rẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ yìn ín, nítorí ọmọ ọdún 19 tí ó fi ìsinmi rẹ̀ jókòó ti àwọn àbúrò kò wọ́pọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ béèrè bóyá ọmọ yín lè ṣe oṣó náà nígbà tí wọ́n bá tún pàdé.

Bàbá Ìbejì, Calgary