Ilé Àtijọ́ Létí Òkun: Ẹ Wo Ibi Tí Ọ̀dà Kò Dé

Lẹ́tà àwọn tó fẹ́ ra ilé àtijọ́ ní ìlú etí òkun pọ̀ lọ́wọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí. Iyọ̀ ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Atẹ́gùn òkun ń fẹ́ ẹ wọlé, omi abẹ́ ilẹ̀ ń gbé e gun ògiri, ọ̀dà tuntun sì ń bò ó mọ́lẹ̀ títí owó á fi kúrò lọ́wọ́ ẹni tó rà á.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ilé alájà kan tó ti lé ní ọdún 40 ni èmi àti ìyàwó mi ń wò, kò jìnnà sí òkun rárá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún lọ́dà ni, ó ń dán. Àmọ́ nígbà tí mo dúró sábẹ́ bákónì tí mo gbójú sókè, mo rí ìlà tín-ín-rín mẹ́ta tó sán lọ gbọọrọ, àlàfo àárín wọn sì dọ́gba. Ọ̀kan nínú wọn ní àbàwọ́n pupa rúsúrúsú létí. Onílé ní pílásítà lásán ni. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má gba ti pílásítà yẹn gbọ́. Pílásítà tó bá sán fúnra rẹ̀ máa ń sán jákujàku bí ẹrẹ̀ tí oòrùn pa. Ìlà tó bá lọ tààrà, tí àlàfo rẹ̀ sì dọ́gba, ọ̀nà irin inú kọnkéré ló ń tọ̀. Àbàwọ́n pupa yẹn sì ni ẹ̀rí pé irin náà ti ń dógùn-ún.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ rèé. Sìmẹ́ǹtì máa ń fún kọnkéré ní agbára bíi ti omi eérú tí wọ́n fi ń se ọṣẹ. pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí agbára yẹn ṣe pọ̀ tó, máa ń wà láàárín 12 sí 13, irin kì í sì í dógùn-ún nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáídì inú afẹ́fẹ́ á máa wọ inú kọnkéré díẹ̀díẹ̀, á sì máa pa agbára náà. Tí pH bá ti já wálẹ̀ dé nǹkan bíi 9, irin ò ní ààbò mọ́. Ti iyọ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kì í dúró kí agbára yẹn kú kó tó dojú ìjà kọ irin. Tó bá sì jẹ́ iyanrìn òkun tí wọn ò fi omi ṣàn dáadáa ni wọ́n fi kọ́lé náà, inú kọnkéré ni iyọ̀ ti wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti dà á. Irin tó ń dógùn-ún máa ń wú. Ìpẹtà ń gba àyè tó tó ìlọ́po 2 sí ìlọ́po 6 irin tó ti jẹ. Kọnkéré kì í fà bíi rọ́bà, nítorí náà á bẹ́ ni.

Nígbà tẹ́ ẹ bá padà lọ, ẹ mú òòlù kékeré dání. Ẹ rọra máa fi kan abẹ́ bákónì, abẹ́ bíìmù àti ara òpó, kí ibì kan tẹ́ ẹ kàn má jìnnà sí èkejì ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Kọnkéré tó yè máa ń dún kó-kó-kó, òòlù á sì máa ta padà sí yín lọ́wọ́. Ibi tó ti ṣí kúrò lára irin á dún bọ̀-bọ̀-bọ̀ bí akèrègbè òfìfo. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí ibẹ̀ ká, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Tí ibi tẹ́ ẹ sàmì sí ò bá ju bí àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí wọ́n sì jìnnà síra, ó ṣeé tún ṣe. Tí wọ́n bá so kọ́ra lábẹ́ bíìmù, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti bírìkìlà, ẹ wá ẹnjiníà tó mọ̀ nípa ohun tó ń gbé ilé dúró.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra ilé kò mọ̀. Bákónì tí kò ní òpó nísàlẹ̀, tó kàn yọ jáde lára ilé, irin tó gbé e dúró wà nítòsí òkè rẹ̀, kò sí nísàlẹ̀. Abẹ́ tẹ́ ẹ wò yẹn nìkan ò tó. Ẹ wọnú yàrá òkè, kí ẹ ti ẹnu ilẹ̀kùn wo ibi tí ilẹ̀ bákónì ti pàdé ògiri ilé. Tó bá sán lọ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbẹ̀, ẹ má gbé ẹsẹ̀ lé e, torí irin tó bá tinú já lójú yẹn kì í pariwo kó tó wó. Tó bá sì jẹ́ pé bákónì nìkan ni wọ́n tẹ́ táìlì tuntun sí nínú gbogbo ilé, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi bò.

Ẹnjiníà ní ọ̀nà tí yóò fi mọ bó ṣe jinlẹ̀ tó. Á gbẹ́ ihò kékeré, á fín phenolphthalein, oògùn olómi kan tó ń yí àwọ̀ padà, sí i. Ibi tí agbára sìmẹ́ǹtì ṣì wà á di píǹkì, ibi tó ti kú kò ní yí àwọ̀ padà. Tí ibi tí kò yí àwọ̀ padà bá ti dé ojú irin, ààbò ti tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọ̀ yìí kì í fi iyọ̀ hàn. Ẹ ní kó kó ìyẹ̀fun kọnkéré láti ibi tó jìn tó irin lọ sí ilé àyẹ̀wò, kí wọ́n wọn kílóráídì, ìyẹn èròjà iyọ̀, tó wà nínú rẹ̀. Kó tún wọn bí kọnkéré tó bo irin ṣe nípọn tó. Létí òkun, ó yẹ kó tó mílímítà 40 sí 50, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ò ní ju 20 tàbí 25.

Tí onílé bá ní òun á bá yín tún un ṣe kẹ́ ẹ tó san owó, ẹ rí i pé wọn ò kàn fi iyanrìn àti sìmẹ́ǹtì rẹ́ ojú rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbẹ́ kọnkéré kúrò títí dé ẹ̀yìn irin, kí ìka ọwọ́ lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, kí wọ́n ha irin náà títí á fi dán, kí wọ́n so tuntun mọ́ èyí tó ti fẹ́lẹ́, kí wọ́n tó fi ohun àtúnṣe tó yẹ dí i. Bí wọ́n bá rẹ́ ojú rẹ̀ lásán, etí ibi tí wọ́n rẹ́ yẹn gan-an ni yóò tún ti bẹ́.

Ìbéèrè: Ògiri yàrá ìsàlẹ̀ ilé tí mo fẹ́ rà rin títí dé ìbàdí mi, ìyẹ̀fun funfun sì ń jáde lára rẹ̀. Éjẹ́ǹtì ní kí n má ṣèyọnu, pé tí n bá ti fi sìmẹ́ǹtì tó le rẹ́ ẹ, ó parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìdáhùn: Ìyẹ̀fun yẹn, iyọ̀ ni. Omi gbé e gòkè, omi gbẹ, iyọ̀ kù sójú ògiri. Tẹ́ ẹ bá fi sìmẹ́ǹtì tó le dí ojú ibi tí omi ń gbà gbẹ, kò ní dúró sí ìbàdí mọ́, á gòkè títí yóò fi ríbi jáde.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí omi ti ń wá. Èyí tó ń gun ògiri láti ìsàlẹ̀ kì í sábà ju mítà 1 sí mítà 1 àbọ̀ lọ, ó sì máa ń fi ìlà kólokòlo sílẹ̀ níbi tó dé. Èyí tó wà lókè fèrèsé, tàbí tó rí róbótó lójú kan, páìpù tàbí gọ́tà tó ń jò ni. Èbu dúdú ní kọ̀rọ̀ àti lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ yàrá ló di omi lára ògiri tó tutù. Tí ọ̀rọ̀ ò bá yé yín, ẹ gé ọ̀rá tó ń mọ́ kedere ní sẹ̀ǹtímítà 45 níbùú lóòró, ẹ fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ ibi tó rin, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ kan. Tí omi bá sẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọjú sí ògiri, inú ògiri ló ti wá. Tó bá sẹ̀ sí ojú rẹ̀ tó kọjú sí yàrá, afẹ́fẹ́ ni.

Ẹni tó ń yẹ ilé wò lè gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin wá. Ó wúlò, àmọ́ ẹ má fi gbogbo ara gbẹ́kẹ̀ lé e: iyọ̀ ń gbé iná kọjá, nítorí náà ẹ̀rọ náà lè ní ògiri rin gan-an, kó jẹ́ pé iyọ̀ ló ń kà.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ wo ìta. Ilẹ̀ àgbàlá gbọ́dọ̀ relẹ̀ ju DPC, ìyẹn ohun tí wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ ògiri kí omi má bàa gùn ún, lọ ní ó kéré tán mílímítà 150. Nínú ilé àtijọ́, wọ́n á ti da kọnkéré sí àgbàlá lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, títí ilẹ̀ ìta á fi ga ju DPC lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ìta ni wọ́n máa kọ́kọ́ wà kúrò. Pílásítà tó ti mu iyọ̀ ò ní gbẹ láé, torí iyọ̀ ń fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́. Kí wọ́n gbẹ́ ẹ kúrò títí dé mílímítà 300 lókè ibi tí àbàwọ́n dé.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ló dáa jù láti lọ wo ilé?

Ìdáhùn: Ẹ̀ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ tí òjò ńlá rọ̀ tàbí ọjọ́ kejì rẹ̀, àti nígbà tí òkun bá kún dáadáa, pàápàá nígbà tí òṣùpá bá kún rọ́dọ́rọ́dọ́ tàbí tí òṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ẹ dúró lẹ́bàá gọ́tà lásìkò yẹn. Tí omi bá ń ti òde padà wá sínú àgbàlá, ẹ ti rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nígbà òjò. Ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì da omi sí ilé ìyàgbẹ́ léraléra. Tó bá ń dún gbùlù-gbùlù tàbí tó ń lọ pẹ̀lú ìnira, omi abẹ́ ilẹ̀ ti kún inú sókàwéè. Omíyalé àtijọ́ sì máa ń fi àmì sílẹ̀ níbi tí ọ̀dà ò dé: inú àpótí mítà iná, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná, ìsàlẹ̀ férémù ilẹ̀kùn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, kí ẹ wá ìlà ẹrẹ̀ tó gbẹ.

Ìbéèrè: Ara ògiri lanu láti igun fèrèsé lọ sókè. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ìpìlẹ̀ ló ń rì?

Ìdáhùn: Ẹ wọn ìbú rẹ̀. Èyí tí kò tó mílímítà 1 kì í sábà jẹ́ wàhálà. Títí dé 5, ó ṣeé dí tí kò bá ń fẹ̀ sí i. Tó bá ju 5 lọ, tàbí tí òkè rẹ̀ fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, tí ilẹ̀kùn ìtòsí ò sì pa dé mọ́, ó ṣeé ṣe kí ìpìlẹ̀ máa rì, ẹ pe ẹnjiníà. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sí orí rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i, kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá ó ń gùn sí i. Ní ilé tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ tí wọ́n fi iyanrìn dí, ẹ má fi àyẹ̀wò yìí ṣeré.

Ìbéèrè: Kí ni ká wò lókè àjà, àti nínú iná òun omi?

Ìdáhùn: Ẹ gòkè àjà lọ́sàn-án, kí ẹ pa tọ́ọ̀ṣì. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ ni omi ń gbà wọlé, èyí tó pọ̀ jù á sì wà nídìí ìṣó. Páànù alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ìṣó irin kàn ń bàjẹ́ kíákíá létí òkun, torí tí omi iyọ̀ bá ti kan irin méjì tí kò bára mu, ọ̀kan á máa jẹ. Ẹ fi ẹnu súkùdíráfà gún igi òrùlé, pàápàá níbi tó ti jókòó lé ògiri. Tó bá wọlé wọ́ọ́rọ́, tàbí tẹ́ ẹ rí ọ̀nà amọ̀ ikán tó tó pẹ́ńsù, káfíńtà gbọ́dọ̀ wò ó tinútòde. Páànù eléérú àtijọ́ tó nípọn lè ní asbestos nínú, ìyẹn fọ́nrán tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má lu ú, ẹ má rẹ́ ẹ, ẹ má gbá ìdọ̀tí ibẹ̀, ilé àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ ohun tó jẹ́.

Ní ti iná, ẹ ní kí oníná ṣí páánẹ́ẹ̀lì. Ìyẹ̀fun àwọ̀ ewé lára kópà, àmì jíjó, tàbí wáyà tí rọ́bà rẹ̀ ń fọ́ lọ́wọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fa wáyà tuntun. Kó rí i pé wáyà ẹ́ẹ̀tì dé gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí RCD mílíáńpù 30, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń já iná kó má bàa gbé èèyàn, sì já nígbà tí ó bá dán an wò. Ní ti omi, páìpù irin tó ti lo ọdún 40 sí 50 ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi méjì lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀. Omi tó pọ́n tó sì ń já tín-ín-tín, inú páìpù ti dí. Tó bá jẹ́ kànga tàbí bọ́ọ̀hólù ni ilé náà ń lò, ẹ kó omi rẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí ìgbà yẹn ni omi òkun máa ń wọ abẹ́ ilẹ̀ jù.

Ìbéèrè: Éjẹ́ǹtì ní òun ní ẹni tó máa yẹ ilé náà wò fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé kí n gbà?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sanwó rẹ̀, kó má sì jẹ́ ẹni tó tún máa gba iṣẹ́ àtúnṣe. Ẹ bi í bóyá á gun òrùlé, á wọ òkè àjà, á sì ya fọ́tò àléébù kọ̀ọ̀kan. Ilé tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ máa ń gbà tó wákàtí 2 sí 4, ẹni tó bá ṣe é láàárín ìṣẹ́jú 30 ò yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ bá a lọ, kí ẹ rí ohun tó rí. Kó pín ìwé àyẹ̀wò sí ohun tó léwu báyìí, ohun tó máa gbówó láìpẹ́, àti èyí tó lè dúró.

Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò yín kọ ọ́ sínú àdéhùn, kẹ́ ẹ tó san owó kankan, pé àyẹ̀wò ló máa pinnu bóyá ẹ ó rà á. Ẹni tó ń yẹ ilé wò kì í gbẹ́ ògiri ẹlòmíì láìgbàṣẹ, nítorí náà ẹ ti ṣáájú gba àṣẹ òòlù àti ihò kékeré lọ́wọ́ onílé. Tó bá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi òòlù kan bákónì òun, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àyẹ̀wò pé ibẹ̀ ò ṣeé yẹ̀ wò, kí ẹ sì ka owó títún un ṣe mọ́ iye ilé náà nígbà tẹ́ ẹ bá ń ná an.